Màmá Kérésì Onígbálẹ̀

Bí ẹ bá dé Ìkòtún, tí ẹ béèrè Ìyá Kérésì, wọ́n á mú yín wá sílé mi, ì báà jẹ́ inú ooru oṣù kẹta. Orúkọ tí màmá mi sọ mí kọ́ nìyẹn o. Bọ́sẹ̀ lorúkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta ọ̀ṣọ́ Kérésì àlòkù láti ìgbà èwe títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè máa bá aráàlú jà lórí orúkọ. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ló ní kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tí wọn ò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Mo ní ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n kọ ọ́, torí bí mo bá dìde dúró láti sọ ọ́, ẹ̀rín ò ní jẹ́ kí n parí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la iṣẹ́ náà yé yín. Gbogbo èèyàn ló ń wá ọ̀ṣọ́ Kérésì ṣáájú ọdún: igi, iná, bọ́ọ̀lù dídán, ìràwọ̀. Àwa ní tiwa, ẹ̀yìn ọdún la máa ń jáde. Nígbà tí ìrẹsì ọdún bá ti tán nínú ìkòkò, tí àwọn èèyàn bá ń kí ara wọn pé "ẹ kú ìyèdún," ìgbà yẹn ni ọ̀ṣọ́ máa ń sú wọn. Igi Kérésì ti dí ọ̀nà yàrá, àwọn ọmọ ti ń fi ìràwọ̀ ju ara wọn, ìyàwó ilé ń pariwo pé kí wọ́n kó pàǹtí yìí kúrò níwájú òun. Àwa la máa ń wá kó o. Ìyèdún náà la ń pe àsìkò yẹn láàárín ara wa. A ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó lọ sí ilé ìwé, a ó sì lọ sí Òkè-Odò níbi tí wọ́n ti ń já bélì òkìrìkà, torí inú bélì yẹn ni ọ̀ṣọ́ àtijọ́ ti ìlú òyìnbó máa ń wà: bọ́ọ̀lù dígí tí wọ́n fọwọ́ kùn, agogo bébà tó ń ṣí bí abẹ̀bẹ̀, áńgẹ́lì tó ní ìyẹ́ gidi lẹ́yìn. A ó fọ̀ ọ́, a ó tún un ṣe, a ó pàtẹ. Àwọn oníbàárà tó gbọ́n á sì wá rà á nínú oṣù kìn-ín-ní yẹn gan-an, torí wọ́n mọ̀ pé tó bá di Dìsẹ́ńbà, ọjà ò ní ṣeé fọwọ́ kàn.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Màmá mi ń rán sùtánà fún àwọn ìjọ Aládùúrà ní Ìdímù, ó sì fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, ṣùgbọ́n ìjókòó sójú kan ò bá mi lára mu rárá. Ló bá mú mi lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Gbọ́yè, tó ní ìsọ̀ ọ̀ṣọ́ Kérésì ní ọjà Ìkòtún. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí wọ́n san. Wọ́n lé mi síta kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ìyá Gbọ́yè kúrú, ó pupa, ojú rẹ̀ sì máa ń le koko bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Inú kíréètì ẹyin la máa ń to àwọn bọ́ọ̀lù dígí sí kí wọ́n má baà fọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan dígí kankan nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ẹyin gidi ló rà fún mi. Ó ní kí n máa fi bébà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tò ó sínú kíréètì, kí n gbé e lérí, kí n sì rìn já gbogbo ọjà Ìkòtún, láàárín àwọn alábàrù àtàwọn tó ń sáré wọ mọ́tò. Bí ọ̀kan bá fọ́, á fi àlùbọ́sà àti ata dín in, á wá ní kí n gbé e fún aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa pẹ̀lú búrẹ́dì, kí n sì dúró tì í títí tó máa fi jẹ ẹ́ tán.

"Ẹ ṣeun o, Ìyá Gbọ́yè," aránṣọ á ní. "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí tètè mọ iṣẹ́ o."

Òórùn ẹyin yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́. Títí dòní, mo lè gbé dígí la àárín èrò kọjá láìfọ́.

Lẹ́yìn ẹyin ló kan iná. Àwọn iná Kérésì àtijọ́, bí gílóòbù kan bá kú, gbogbo ẹ̀ á kú dànù. Ọ̀gá mi á kó okùn iná lé mi lọ́wọ́, á fún mi ní gílóòbù kan tó dáa, á ní, "Máa wá a." Màá máa yọ tibí, màá máa ki tọ̀hún, títí gbogbo rẹ̀ á fi tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi máa ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Ọjọ́ tí iná ìjọba ò bá sí, màá kó gbogbo rẹ̀ kọ́ ọrùn lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó ní jẹnẹrétọ̀ létí títì, àwọn èèyàn á sì máa pè mí ní igi Kérésì tó ń rìn. N kì í bínú. Òfin ọ̀gá mi ò ṣeé tẹ̀ lójú: ohun tí o kò bá tíì tàn wò, o ò gbọ́dọ̀ tà á.

Mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ó ku Ìyèdún kan péré kí n gba fírídọ́ọ̀mù. Ọ̀gá mi ti ṣèlérí pé òun máa gé ẹ̀gbẹ́ kan fún mi nínú ìsọ̀ òun, màmá mi ti ń rán búláòsì tí mo máa wọ̀, èmi náà sì ti ń jókòó níbi tí ìsọ̀ mi máa wà, tí mò ń dá rẹ́rìn-ín.

Nínú bélì kan tí a já ní Òkè-Odò ní oṣù kìn-ín-ní, láàárín àwọn bọ́ọ̀lù àti áńgẹ́lì, la ti bá màmá àgbà kan tí wọ́n fi aṣọ ṣe. Ó tó ọmọ ìkókó ní títóbi. Ojú rẹ̀ hunjọ, imú rẹ̀ gùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó dé fìlà dúdú ṣóńṣó, ó wọ bàtà dúdú tí ẹnu rẹ̀ ká sókè, ó sì mú ìgbálẹ̀ onígi gígùn dání.

Mo ní, "Ọ̀gá, ta lèyí?"

Ìyá Gbọ́yè yí i síwá sẹ́yìn. "Ìwọ ò ríran ni? Bàbá Kérésì dé fìlà ṣóńṣó, òun náà dé fìlà ṣóńṣó. Ìyàwó ẹ̀ nìyí jàre. Màmá Kérésì ni."

"Ìgbálẹ̀ ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ọkọ ẹ̀ ń ti ìrìn àjò bọ̀, ṣé kó má gbálẹ̀ dè é ni?"

Mo dà á dojú bolẹ̀. Ilé bátìrì wà lẹ́yìn màmá náà, ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀ ti dípẹtà. Mo ní kí n sáré lọ ra òmíràn, ká tàn án wò.

"Orin Kérésì ló máa kọ," ọ̀gá mi dáhùn. "Kí ló tún lè kọ?"

Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rú òfin ara rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di Dìsẹ́ńbà, ìjọ Aládùúrà kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin rà á. Àwọn ni oníbàárà wa tó tóbi jù. Wọ́n máa ń ra ọjà wa ṣáájú ọdún, wọ́n á tún kó ọ̀ṣọ́ tí wọ́n bá ti lò fún wa ní Ìyèdún, àwọn ìjọ yòókù sì máa ń wò wọ́n ṣe. Àpọ́sítélì wọn ló tún máa gbàdúrà lé mi lórí lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù.

Ní àárọ̀ Kérésì, èmi àti màmá mi wà nínú ìjọ náà. Ọ̀gá mi jókòó níwájú nítorí àlejò pàtàkì ni. Wọ́n ti ki bátìrì tuntun sí Màmá Kérésì lẹ́yìn, wọ́n ní kò kọrin, wọ́n sì rò pé ó ti bàjẹ́, wọ́n kàn gbé e kọ́ sókè àwọn akọrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀. Wọn ò mọ̀ pé ariwo ló ń dúró dè.

Àpọ́sítélì gun pẹpẹ, ó ní, "Ẹ hó ìhó ayọ̀! Halelúyà!"

Gbogbo ìjọ ní, "Halelúyà!"

Màmá Kérésì ní, "Hẹ́ẹ̀-hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀!"

Gbogbo ilé dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Àpọ́sítélì wo àyíká. "Ọmọ ta nìyẹn? Ẹ mú un jáde jàre. Halelúyà!" Wọ́n tún dáhùn, Màmá Kérésì náà tún rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ wá pọ́n bí ẹ̀yinná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Màmá Wòlíì, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn aríran ibẹ̀, na ìka sókè, ó kígbe pé, "Àjẹ́ ń fi wá rẹ́rìn-ín o!" Ha, ẹ ò rí eré. Bí wọ́n bá ṣe ń pe Jésù tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rẹ́rìn-ín tó, torí ariwo lohun tó ń fẹ́. Àwọn akọrin ń gba ojú fèrèsé jáde. Gbogbo èèyàn sá, àfi ọ̀gá mi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wá nǹkan tí kò sọnù lábẹ́ àga.

Mò ń rẹ́rìn-ín nísinsìnyí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Wọ́n kó Màmá Kérésì fún wa padà nínú àpò, wọ́n so ó pa. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ dé Ìgándò pé Ìyá Gbọ́yè ń ta àjẹ́. Nígbà tí Ìyèdún dé, a gbé àpò lọ sí ìjọ kan dé òmíràn, àwọn Aládùúrà, àwọn Áńgílíkà, òfìfo la gbé bọ̀. Wọ́n ń kí wa dáadáa o. Wọn ò kàn jẹ́ ká wọlé ni.

Lọ́jọ́ kan ọ̀gá mi jókòó sórí kíréètì, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ. "Bọ́sẹ̀, fírídọ́ọ̀mù wo la fẹ́ ṣe? Ta ló máa wá gbàdúrà? Kí lo fẹ́ pàtẹ?"

Mo sunkún títí dé Ìdímù. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ṣẹ́ ló fẹ́ lọ lásán lójú mi yìí. Màmá mi ń gé sùtánà nígbà tí mo wọlé, ègé aṣọ funfun wà káàkiri ilẹ̀. Mo jókòó sáàárín ẹ̀, mò ń wò ó. Bí ọgbọ́n kan ṣe wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Mo padà sí ìsọ̀, mo fa àpò náà jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo tú u. Mo yọ bátìrì, mo yọ ẹ̀rọ ẹ̀rín yẹn dànù, mo sì gbé e wá sílé. Èmi tí mo sá fún abẹ́rẹ́, mo wá jókòó ti màmá mi. A bọ́ aṣọ dúdú lára Màmá Kérésì, a rán sùtánà sí i lára, a dé e ní fìlà funfun. Mo fi òwú pa imú rẹ̀ pọ̀ kó lè kúrú. Mo yọ ìgbálẹ̀ onígi gígùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ọwọ̀ kékeré tí mo so rọ́pò rẹ̀. Màmá mi ti fẹ́ gé òwú tó gbẹ̀yìn nígbà tó ní, "Wo ẹsẹ̀ ẹ̀!" Bàtà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. A bọ́ ọ.

Mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi. Ó wò ó, ó wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi já bọ́. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ."

Àwọn ìyá ìjọ ń gbálẹ̀ ọgbà lọ́wọ́ nígbà tí a dé Ìṣẹ̀rí-Olófin. Àpọ́sítélì ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà lápá mi. "Ṣé ẹ tún ti gbé e dé ni?"

Ọ̀gá mi kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti yí padà ni."

Màmá Wòlíì gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba màmá aṣọ náà lọ́wọ́ mi. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n létí, ó wo fìlà rẹ̀, ó wo ọwọ̀ rẹ̀. Ó wá gbé etí sùtánà rẹ̀ sókè.

"Bàtà ẹ̀ dà?"

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo ní, "Ó bọ́ ọ sí ẹnu géètì, Màmá."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ Àpọ́sítélì wá, kó tó di pé gbogbo àwọn ìyá yẹn dà á sílẹ̀. Màmá Wòlíì náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ó yẹ kóun bọ́ bàtà, ẹ jẹ́ kó wọlé jàre," ló wí. Wọ́n gbé e kọ́ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Sístà Onígbálẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀ṣọ́ àlòkù fún wa débi pé a háyà bárò.

Mo gba fírídọ́ọ̀mù mi nínú oṣù yẹn. Àpọ́sítélì gbàdúrà, màmá mi jó, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa ní ebi ẹyin ló máa pa òun báyìí. Ọ̀gá mi wé nǹkan kékeré kan sínú áńkáṣíìfù fún mi: fìlà ṣóńṣó àti bàtà dúdú yẹn. Ó ní kí n fi wọ́n pa mọ́, kí n lè máa rántí láti tan nǹkan wò. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kò sí ọ̀gá tó le tó o, kò sì sí èyí tí mo fẹ́ràn tó o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ni. Ẹ kúkú sọ pé mo fi ọjà yìí ṣe ọkọ. Iná oníṣáínà dé, èyí tí gílóòbù kan lè kú tí àwọn yòókù á máa tàn lọ, ìmọ̀ gílóòbù wíwá tí mo fi òógùn kọ́ sì di ohun tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní parọ́. Kíréètì oníbébà di onírọ́bà. Tẹ́lẹ̀, ẹnu la fi ń pe oníbàárà. Nísinsìnyí, Ìyanu ọmọ mi, tó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ mi nígbà tí orúnkún mi kọ̀, á ya fọ́tò bọ́ọ̀lù dígí kan, á gbé e sórí státọ́ọ̀sì, kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹnì kan á ti ní kó gbé e pamọ́ fún òun. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò pè é ní àlòkù mọ́. Wọ́n ní fíńtéèjì ni. Bí ó bá ti pẹ́ tó ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ tó. Ìyá Gbọ́yè ì bá gbádùn wọn.

Ọ̀kan lára wọn, Dámilọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá, ló rí fọ́tò Sístà Onígbálẹ̀ lórí fóònù Ìyanu ní Ìyèdún tó kọjá yìí. Kò jẹ́ ká sinmi, ó ní òun fẹ́ rà á. Ìyanu ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kàn mú un lọ wò ó. Ẹ mú fìlà àti bàtà yẹn dání ṣá." Mo mọ ohun tó ń rò. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá owó tó máa fi ra sólà sí ìsọ̀.

A dé Ìṣẹ̀rí-Olófin, wọ́n sọ Sístà kalẹ̀ fún wa. Sùtánà rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ̀ rẹ̀ jẹ́ tuntun, wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Dámilọ́lá gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ti Kérésì rárá? Àwọn òyìnbó ní ọdún mìíràn lóṣù kẹwàá. Àjẹ́ àti egungun òkú ni wọ́n fi ń ṣọ̀ṣọ́ sílé, kí ẹ̀rù lè máa ba àwọn ọmọdé."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wá ibi jókòó sí. Ká ní ọ̀gá mi wà láyé ni, á ní àwọn òyìnbó gan-an ni ò mọ ìyàwó Bàbá Kérésì.

"Ó ti pẹ́ gan-an, Mọ́mì, irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pé fìlà àti bàtà ẹ̀ ṣì wà ni, á pé pérépéré. Ẹ jọ̀ọ́ náà, iye tẹ́ ẹ bá sọ ni màá san."

Ìyanu wo báàgì mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni àpọ́sítélì tó wà níbẹ̀ báyìí, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ mú un wọ ìjọ. Ohun tẹ́ ẹ bá wí la máa gbà." Àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ ọgbà dúró, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo ki ọwọ́ bọ báàgì. Mo kan bàtà náà, ẹnu rẹ̀ ṣì ká sókè. Gbogbo ayé mi, títa ni mò ń ta, kò sí ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn lọ́wọ́ mi tí mi ò sọ iye rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ Sístà, mo wo ẹsẹ̀ àwọn ìyá yẹn nínú iyanrìn, mo sì yọ ọwọ́ mi jáde lófìfo.

"Dámilọ́lá, ọmọ mi," mo ní, "ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà mọ́."